Bàbá mi, Jeopardy! àti máàkì tí a ò mọ bí a ṣe máa fún wọn

Ìyá Ẹniọlá (Houston), ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Bàbá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, oṣù kejì rèé tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ipò ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n dé. Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ni wọ́n ti bá wa jókòó sídìí Jeopardy!, eré ìdíje ìmọ̀ orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, wọn ò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Bí oúnjẹ alẹ́ ò bá tíì délẹ̀ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: èèyàn mẹ́ta ló ń díje. Pátákó ńlá kan wà níwájú wọn, ìsọ̀rí mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ márùn-ún lábẹ́ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, láti 200 dọ́là títí dé 1,000. Ní ìpele kejì, owó á di ìlọ́po méjì, 400 sí 2,000. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ìdáhùn ni olóòtú ń kà, ìbéèrè ni èèyàn á fi fèsì. Bí wọ́n bá ka "Ìlú yìí ni olú-ìlú Burkina Faso," wàá ní "Kí ni Ouagadougou?" Bàbá mi ní àlọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ nìyẹn.

Wàhálà wá dé. Bàbá mi mọ nǹkan, kò sírọ́ ńbẹ̀. Odò, òkè, olú-ìlú, Bíbélì, àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì: ẹ má dán wọn wò. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n ló ń dá ìjà sílẹ̀. Olóòtú á ka ọ̀rọ̀ tán, Bàbá á mi orí, wọ́n á ní "Hẹ̀n-ẹ́n, èyí ò le." Wọ́n á dákẹ́. Ẹni tó wà nínú tẹlifíṣàn á fèsì. Ìgbà yẹn ni Bàbá á wá gbá itan wọn: "Òun náà ló wà lẹ́nu mi!"

Ọmọ mi Ẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń kọ máàkì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ìyẹn ò wọlé o. Ẹ ò sọ ọ́ jáde." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí. "Ṣé ohun tí ọmọ rẹ ń sọ ni pé mo purọ́?"

Ọmọ ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti gbé e dìde, wọ́n ti súre fún un. Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n wo Jeopardy! láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò la ẹnu. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ariwo wọn yẹn gan-an ni mò ń jókòó tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wọn díje láti orí àga nílé yín, báwo lẹ ṣe ń ka máàkì? Kí ló wọlé, kí ni kò wọlé?

Àdùkẹ́ Ṣágámù

Ọmọ yẹn láyà o! 😂 Nílé tiwa, Bàbá ló ni tẹlifíṣàn, Bàbá ló ni bírò, Bàbá náà ló ni máàkì. Ta ló bí ẹ dáadáa láti ní kò wọlé?

Ọ̀dọ́ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú àlejò Bàbá o. Àwa tí a wà nílé, Who Wants to Be a Millionaire ni tiwa. 2004 ló dé Nàìjíríà, Frank Edoho ni olóòtú. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdáhùn mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, A títí dé D. Títí di òní, bí mo bá ní àmàlà ni n ó jẹ, ìyàwó mi á ní "Ṣé final answer nìyẹn?"

Nínú ọgbà tí a gbé nígbà náà, yàrá mẹ́wàá, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo tó ń ríran dáadáa, ti Bàbá Lándílọ́ọ̀dù. Gbogbo wa á kó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà láàárín wa, télọ̀ ni, kò ṣi ìbéèrè kan rí láyé ẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Á kọ́kọ́ ní, "Ó jọ A o." Ó pẹ́ díẹ̀, "Ṣùgbọ́n C náà ò jìnnà." Bí Frank bá tún ń fa ọ̀rọ̀ gùn, télọ̀ á rọra sọ ọ́ sínú agbádá pé, "B ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa mú." Tí C bá wá jáde, á fò sókè: "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ má pè é lónírọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀! Gbogbo ẹ̀ ló kúkú sọ.

Ìyàwó Lándílọ́ọ̀dù ló yanjú ẹ̀. Ìka kan ni A, ìka méjì B, mẹ́ta C, mẹ́rin D. Bí wọ́n bá ti ka ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ìyá á ní "Ó yá!", gbogbo wa á na ìka sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìyípadà. Láti ọjọ́ yẹn ni télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka méjì àti ààbọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan ṣe é ṣe é, ó ku ìbéèrè méjì kó dé òkè pátápátá. Gbogbo ìka ti wà lókè. Iná lọ. Títí dòní mi ò mọ ibi tí ọmọ yẹn já sí.

Ṣùgbọ́n Jeopardy! yín yìí ò ní A, B, C, D. Ìka ò lè gbà yín.

Kòséémánìí (Baltimore)

Ẹjọ́ yìí ti wá bá onílé rẹ̀ o. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń bá Jeopardy! díje láti orí àga mi, ìwé tí mo kọ máàkì sí ti kún dúrọ́ọ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa tí eré yìí ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ ṣe ń kà á.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà, Karl Coryat, tó díje níbẹ̀ ní 1996, tó sì borí lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló dá ìlànà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń díje nílé, orúkọ rẹ̀ náà la fi ń pè é: Coryat. Bí o bá gba ọ̀rọ̀ tó jẹ́ 800, kọ 800. Bí o bá ṣì í, yọ 800. Bí o bá panu mọ́, kò sí èrè, kò sí gbèsè. Daily Double, èyí tí wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn dá iye tó fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀, má ta tẹ́tẹ́ kankan: bí o bá gbà á, kọ iye tó wà lójú pátákó, bí o bá ṣì í, má yọ ohunkóhun, torí ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́ ò lè ní òun ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìparí, ẹyọ kan tí àwọn olùdíje ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níparí eré, má kà á mọ́ máàkì rárá.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀: ìpele kìíní, ìsọ̀rí mẹ́fà, 3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 18,000. Ìpele kejì, 36,000. Ẹni tó bá gba gbogbo ẹ̀ láìku ẹyọ kan, 54,000. Èmi tí mò ń fọ́nnu níbí yìí, bí mo bá rí 18,000 lálẹ́ ọjọ́ kan, mo máa ń fi tó ìyàwó mi létí.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni àyọkúrò yẹn. Ẹni tí kò ní í pàdánù nǹkan kan bó bá ṣì í, kò sóhun tí kò ní í sọ. Ẹ fi 1,000 lé e lórí, ẹ ó rí i bí ẹnu ṣe ń rọlẹ̀.

Ti àkókò wá ńkọ́? Nínú ètò náà gan-an, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì kí olóòtú tó kà á tán. Iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí àwa ò rí nínú tẹlifíṣàn, ó máa ń tàn nígbà tí àyè bá ṣí. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì ṣáájú iná yẹn, ẹ̀rọ á tì í mọ́ta fún ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ lè ní kékeré nìyẹn. Òun ló ń ya ẹni tó gba owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jẹ ètè. Nítorí náà, òfin ilé mi ò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ kí ẹni tó wà nínú tẹlifíṣàn tó la ẹnu tirẹ̀.

Ọmọ yín ló jàre, Ìyá Ẹniọlá. Ẹ má sọ fún Bàbá pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Àgbà (Òṣogbo), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo ṣe sùúrù. Èmi náà fẹ̀yìn tì nídìí ẹfun àti pátákó dúdú, torí náà ẹ jẹ́ kí n gba ẹjọ́ ẹnìkejì mi rò.

Ìyá Ẹniọlá ọmọ mi, kí ẹ tó ní bàbá ò dáhùn, ṣé ẹ ti bèèrè bóyá wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n kà? Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, imú ló ń gbà jáde, ó sì ń sáré. Àwa tí a kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọ, etí wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀. Ìgbà tí a bá tú u tán, ọmọ ọdún méjìlélógún ti tẹ bọ́tìnì.

Mo ti rí ètò yẹn lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Maryland. Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ń kà máa ń wà ní kíkọ gàdàgbà lójú tẹlifíṣàn. Àwọn olùdíje, ojú ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe etí ni wọ́n fi ń dúró dè é. Wọ́n ti kà á tán, wọ́n ti ronú, kí olóòtú tó dé ìdajì. Níbo ni Bàbá ń jókòó sí? Ṣé wọ́n ń rí i kà láti ibẹ̀?

Ìyá Ẹniọlá (Houston)

Tíṣà Àgbà! Ẹ ṣeun sà. Mo lọ wò ó. Àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n yàn láti ọjọ́ tí wọ́n dé, torí oòrùn àárọ̀ tó máa ń yá wọn lára. Mo jókòó síbẹ̀, mo tan tẹlifíṣàn. Èmi tí ojú mi ṣì dára, mo ń ṣẹ́jú kí n tó rí i kà. Awò tí wọ́n ń lò, ti ìwé kíkà ni, kò ràn án lọ́nà jíjìn. Oṣù méjì gbáko, etí nìkan ni Bàbá mi fi ń bá àwọn olójú díje, tí a sì ń yọ wọ́n lẹ́nu pé wọn ò yára!

A ti gbé àga náà. Ọkọ mi ní kí n sọ fún yín pé òun ló gbé e o, pé ó wúwo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham

Ẹ ṣeun jàre, Tíṣà. Ẹni tí ò gbọ́ ìbéèrè, wọ́n ní kò mọ ìdáhùn!

Nílé tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù, University Challenge ni. Ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́rin mẹ́rin ló ń kojú ara wọn. Ìbéèrè ìṣípìlẹ̀ máàkì 10, ẹgbẹ́ tó bá gbà á, àfikún mẹ́ta, 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá já lu olóòtú lẹ́nu, tó sì ṣì í, wọ́n á yọ 5 lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fẹ̀ṣùn kan ara wa ńbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Bí mo bá gba mẹ́rin láàárín ìdajì wákàtí, mo máa ń dìde jó. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, bó bá ti kan egungun àti ẹ̀jẹ̀ kó máa gbà á lọ, bó bá kan sáyẹ́ǹsì ìràwọ̀, a jọ máa ń wo òrùlé.

Àwa ò kì í ka máàkì. Rìmóòtù la fi ń ṣe é. Bí olóòtú bá ti kà á tán, a dá a dúró gbọ̀n-ín. Olúkúlùkù á sọ tiẹ̀, a tún tẹ̀ ẹ́, a ó gbọ́. Ẹ dá a dúró fún Bàbá kí wọ́n rí àyè ronú. Ẹ̀gbọ́n Kòséémánìí, ẹ má bínú, àyọkúrò yín yẹn ti sọ eré di WAEC.

Kòséémánìí (Baltimore)

WAEC kẹ̀! Àbúrò, ẹni tó bá ń dá a dúró, kò bá ẹnikẹ́ni díje mọ́, ó ń ka ìwé ni. Dúró-n-ronú yẹn ni gbogbo èèyàn Amẹ́ríkà fi ń lérò pé àwọn lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ken Jennings fún yín, ẹni tó jẹ́ olóòtú báyìí. Ní 2004, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú òfin ọjọ́ márùn-ún kúrò, èyí tó ń dá ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀márùn-ún padà sílé, ó borí nígbà 74 léraléra, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Nígbà karùndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ ìparí dé. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú 70,000 òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́rin lọ lọ́dún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, orin yẹn ń dún. Ken kọ FedEx. H&R Block ni, àwọn tó ń bá èèyàn ṣe ìwé owó-orí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń san owó-orí níbí nígbà náà. Mo ti tò sí ọ́fíìsì irú wọn ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn gan-an. Mo fò lórí àga! Mo borí Ken Jennings! Àfi ìgbà tí mo sùn, tí mo jí láàárọ̀, tí mo wá rántí pé mo borí rẹ̀ lórí ẹyọ kan, lẹ́yìn tí òun ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka àyọkúrò mi.

Àdùkẹ́ Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n Kòséémánìí ti borí Ken, ẹ gbé adé wá! 😂

Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹniọlá, ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ pé àlọ́ ni wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀ tí ìyá mi àgbà máa ń pa fún wa. "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Bí ẹnì kan bá pariwo "Àgbàrá òjò!", eré bàjẹ́ fún àwọn kéékèèké. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ní kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n sínú, gbogbo wa la ó ní a mọ̀ ọ́n. Ohun tí Ìyá ṣe ni pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á wá sọ ọ́ sí òun létí. Wọ́n á ní "Ó gbà á" tàbí "Padà lọ jókòó." Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, ojú ò ti ẹnì kankan.

Ṣé ẹ ò ní ọmọ kékeré nílé tí Bàbá lè máa sọ ọ́ sí létí? Àgbà ò ní í pariwo bí ọmọdé, ẹnikẹ́ni ò sì ní í pè wọ́n lónírọ́. Ẹlẹ́rìí ti wà.

Tíṣà Àgbà (Òṣogbo)

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ìwọ lo mọ ohun tó ń dun ọkùnrin náà. Kì í ṣe máàkì.

Ìyá Ẹniọlá (Houston), Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Ẹ wá gbọ́ o. Àbíkẹ́, àbúrò Ẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo sọ fún Bàbá pé ọmọ náà fẹ́ bá wọn ṣe ẹgbẹ́ kan, pé kò tíì lè kàwé kíákíá, kí wọ́n máa sọ ìdáhùn sí i létí kó lè ní nǹkan tó máa sọ. Wọ́n wò mí bíi pé wọ́n mọ ọgbọ́n tí mo ń ta. Wọ́n gbé ọmọ lé itan.

Ìsọ̀rí kìíní, odò ayé. Bàbá tẹ orí sí i létí. Àbíkẹ́ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ yìí lọgun, "KÍ NI ÀMÁSỌ̀NÙ!" títí ajá aládùúgbò fi gbó. Kí olùdíje tó la ẹnu! Ẹniọlá kọ 400. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹsẹ̀ wọn ń jó nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kòséémánìí, ìbéèrè kan nìyí. Wọ́n sọ Ouagadougou sí i létí, ó di "Kí ni Wagidúdú?" lẹ́nu ẹ̀. Ẹniọlá ní kò wọlé, Bàbá ní ó wọlé, pé ohùn ọmọdé ni. Ta ló jàre?

Kòséémánìí (Baltimore)

Ẹ̀hẹn! Òfin wà lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìparí, sípẹ́lì ò já mọ́ nǹkan kan, bí kíkà rẹ̀ bá ṣáà ti dún bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìró kún un tàbí o yọ ọ́, o ti ṣì í. Ní 2013, ọmọ ilé-ìwé kan ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọdé, ó fi "t" kan tí kò yẹ há àárín "Emancipation". Wọn ò gbà á. Ìjà tí wọ́n jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn pọ̀ ju tiyín lọ.

Nítorí náà Wagidúdú ò wọlé. Àmọ́ bí mo bá wà níbẹ̀, n ó fún un.

Ẹ dán Bàbá wò pẹ̀lú èyí lọ́la, kí ẹ má sọ fún wọn ibi tó ti wá. Ní oṣù Kejì 2011, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tí IBM ṣe, Watson, wá bá Ken Jennings àti Brad Rutter díje. Ẹ̀rọ náà na àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ìsọ̀rí ìparí jẹ́ àwọn ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n ní: pápákọ̀ òfurufú ìlú yìí tó tóbi jù, orúkọ akọni Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi pè é, èyí tó tẹ̀lé e, orúkọ ìjà kan nínú ogun náà. Àwọn èèyàn méjèèjì gbà á. Ẹ̀rọ kọ Toronto, tí kì í tilẹ̀ ṣe Amẹ́ríkà.

Ọ̀dọ́ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Mo ti mọ̀ ọ́n! Ó wà lẹ́nu mi!

Àdùkẹ́ Ṣágámù

Ọ̀dọ́, ìka mélòó?

Ìyá Ẹniọlá (Houston), Ọjọ́bọ̀, 10:30 alẹ́

Mo bi wọ́n nídìí oúnjẹ. Wọ́n dá ṣíbí dúró. "Ìjà... El Alamein, rárá. Dunkirk, rárá. Tí omi ni: Midway, 1942." Wọ́n dákẹ́. Ẹniọlá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Níbi tí mo ti yí ọkọ̀ padà nígbà tí mò ń bọ̀, O'Hare ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ mi pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní sójà tó ń fi ọkọ̀ òfurufú jà ni. Chicago ni."

Ẹniọlá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ti na kọ̀ǹpútà."

Wọ́n ní, "Èwo ni kọ̀ǹpútà? Kò sí 'Kí ni' síwájú rẹ̀. Mi ò sọ 'Kí ni Chicago.' Má kọ ọ́."

Tíṣà Àgbà (Òṣogbo)

Ọ̀gá ilé-ìwé pátápátá nìyẹn! Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ará Òṣogbo kan ní òun gbà fún wọn.

Kòséémánìí (Baltimore)

Ẹ wò ó, ní ìpele kìíní, bí olùdíje bá gbàgbé "Kí ni", olóòtú máa ń rán an létí ni, wọ́n á jẹ́ kó tún un sọ. Ìpele kejì ni kò sí àánú. Oúnjẹ alẹ́ ò tíì dé ìpele kejì. Ẹ kọ ọ́ fún Bàbá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham

Ẹ̀gbọ́n Kòséémánìí fún ènìyàn ní máàkì ọ̀fẹ́! Ẹ wo ohun tí Bàbá Abẹ́òkúta sọ yín dà.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan: ẹni tí kò mọ̀ tó bíi tèmi, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Ìyàwó mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kòséémánìí (Baltimore)

Ìwé ọmọdé. Mi ò ṣeré. James Holzhauer, tó borí nígbà 32 ní 2019, tó gba 131,127 dọ́là láàárín eré ẹyọ kan, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ibi ìwé àwọn ọmọdé ní láíbúrérì lòun ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tóun ò mọ̀. Àwòrán pọ̀ ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò gùn, ohun tó ṣe pàtàkì nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ìwé àgbàlagbà á mú ẹ sùn ní ojú ìwé kẹta.

Ìyá Ẹniọlá (Houston), ọjọ́ Ẹtì, 9:15 alẹ́

Máàkì alẹ́ yìí nìyí, Coryat ni a fi ṣe é, àyọkúrò wà ńbẹ̀. Bàbá ló ní kí n gbé e síbí kí ẹ̀yin adájọ́ lè rí i.

Bàbá àti Àbíkẹ́: 8,600
Ẹniọlá: 7,200
Èmi: 3,400
Ọkọ mi: òdo kọ́, ó lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, 1,800.

Ẹ má bi mí bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa òpéra, tí kò tíì gbọ́ òpéra kan rí. Nígbà tí Ẹniọlá kà á jáde, Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba bírò. Wọ́n ní àna ni, kò bójú mu kí orúkọ àna wà nísàlẹ̀ òdo nínú ilé tí àwọn wà, àwọn á pa àmì àyọkúrò yẹn rẹ́. Ẹniọlá wò mí. Mo wo àjà.

Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, àbí ìyẹn náà ò wọlé?"

Ilé tún pa lọ́lọ́. Bàbá wo ìwé, wọ́n wo àna wọn, wọ́n dá bírò padà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí awò fi já bọ́ sí Àbíkẹ́ lórí. Àmì àyọkúrò ṣì wà ńbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọkọ mi ti lọ sùn. Mo rí i pé ó ti gbé ìwé kan láti inú yàrá Àbíkẹ́ lọ, Mozart ló wà lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ológbò.